Ọkọ̀ Awọ Tí Mo Rí Ní Ìlú Aberdeen

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ń ka abala yìí, mo mọ̀ dájú pé ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ohun àjèjì sí púpọ̀ nínú yín. Ẹni tí ó ti ra ẹja rí ní etí omi Ẹ̀pẹ́, tàbí tí ó ti gba orí ọ̀sà kó ẹrù wá sí Èkó, kò fẹ́ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ òun bí a ti ń gbẹ́ inú igi ńlá títí yóò fi di ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wí fún yín pé àwọn ènìyàn kan wà ní ayé yìí tí igi ńlá kì í hù ní ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì fi awọ ẹran àti egungun ṣe ọkọ̀ tí ó ń la òkun yìnyín kọjá, ẹ lè rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Kì í ṣe àlọ́ rárá. Ojú mi ni ó rí ọkọ̀ náà, mo sì fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà nídìí rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáradára ní alẹ́ ọjọ́ tí mo rí i.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì lọ kí àbúrò mi obìnrin tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Aberdeen. Ìlú yìí wà ní apá ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ Scotland, létí òkun tí otútù rẹ̀ kò ṣe é fi ẹnu sọ. Òkúta aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀, bí òjò bá sì pa á, a máa dán yinrin. Odò méjì ni ó ṣàn lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ wọ inú òkun, Dee ní gúúsù àti Don ní àríwá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì tí a ń ṣe níbẹ̀, àti nítorí Yunifásítì ìlú náà, èyí tí a ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1495.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí a lè rìn káàkiri, àbúrò mi wí fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí a lọ wo àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí Yunifásítì wa pàtẹ. Wọ́n ní ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó ti tó bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún." Èmi kì í ṣe ẹni tí ń sá fún ohun àtijọ́. Mo wọ kóòtù mi, a sì jáde.

Ọkọ̀ ńlá ni mo ti ń retí. Nígbà tí a dé iwájú rẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé a ṣì yàrá wọ̀ ni. Ohun tí mo rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ, orí àti ìdí rẹ̀ ṣe ṣónṣó. Gígùn rẹ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà 18, ìbú rẹ̀ kò sì ju ibi tí ìbàdí ènìyàn kan lè gbà lọ. Ọkọ̀ tiwa, inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti òkè. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. A fi awọ bò ó láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, ihò kan ṣoṣo ni a dá sí àárín rẹ̀, níbi tí ọlọ́kọ̀ yóò ti ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú kí ó sì jókòó. Awọ náà ti gbó, ó sì ti ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ ṣì hàn gbangba. Mo sún mọ́ ọn títí tí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí. Mo ti rí iṣẹ́ aránṣọ púpọ̀ ní ayé mi, n kò tíì rí irú ìránpọ̀ báyìí rí.

Àwọn tí ó ni irú ọkọ̀ yìí ni àwọn ará Inuit, tí wọ́n ń gbé ní òkè téńté ayé, ní Greenland, ní àríwá Kánádà àti ní Alaska. Ìtumọ̀ orúkọ wọn ní èdè wọn kò ju "àwọn ènìyàn" lọ. Ní àtijọ́, Eskimo ni àwọn Òyìnbó ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ orúkọ náà mọ́. Ní òkè ibẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ń bẹ nígbà òtútù tí oòrùn kì í yọ rárá, òkun a sì dì gbagidi tí ènìyàn fi lè rìn lórí rẹ̀. Àgbàdo kì í hù níbẹ̀, iṣu kì í ta. Inú òkun ni oko wọn wà. Qajaq ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Àwọn Òyìnbó sọ ọ́ di kayak. Èmi yóò máa pè é ní káyàkì, kí ó lè rọ̀ wá lẹ́nu. Kì í ṣe ohun àná. Nínú ilẹ̀ Greenland, àwọn awalẹ̀ ti rí egungun ìhà káyàkì tí ó ti tó bí ẹgbàajì ọdún.

Níbo ni wọ́n ti ń rí igi, níwọ̀n ìgbà tí igi ńlá kì í hù níbẹ̀? Omi ni ó ń gbé e wá fún wọn. Àwọn odò ńlá Rọ́ṣíà ní apá Siberia a máa wú igi tu, a máa gbé e sínú òkun, yìnyín a sì máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ títí yóò fi gúnlẹ̀ sí etíkun àwọn Inuit. Igi tí àjèjì pàdánù di ọrọ̀ fún wọn. Wọ́n a là á sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n a tẹ̀ ẹ́, wọ́n a fi okùn awọ dì í pọ̀, wọ́n a sì fi èèkàn egungun kékeré kàn án níbi tí ó bá yẹ. Nítorí pé dídì ni a dì í, nígbà tí ìgbì bá kọlù ú, a máa tẹ̀, kì í kán.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ kan àwọn obìnrin. Awọ séálì ni wọ́n ń lò, ẹran omi kan tí ó sanra, tí ń mí afẹ́fẹ́ bí ajá, tí ń sùn lórí yìnyín. Ẹni tí ó bá ti ka Bíbélì èdè wa ti pàdé awọ séálì níbi tí a ti sọ̀rọ̀ ìbòrí àgọ́ inú aginjù. Àwọn obìnrin a há irun ara awọ náà kúrò, wọ́n a fi òwú tí a fi iṣan ẹran ṣe rán an mọ́ egungun ọkọ̀ nígbà tí ó bá ṣì tutù, kí ó lè fà le bí awọ ìlù nígbà tí ó bá gbẹ. Ọgbọ́n ìránpọ̀ náà ni pé wọn kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ lu awọ já sí ẹ̀yìn kejì, kí omi má baà rí ihò wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n a fi ọ̀rá pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ìyẹn wò. Ọkùnrin ni ó ń lọ sí òkun, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Bí ojú abẹ́rẹ́ kan bá tú ní àárín òkun tí omi rẹ̀ tutù bí yìnyín, ọkùnrin náà kò ní padà wálé.

Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti ìwọ̀n. Àwọn Inuit àtijọ́ kò fi ẹsẹ̀ bàtà tàbí ínṣì wọn káyàkì. Ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n yìí yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì, ṣùgbọ́n èyí tí a mọ̀ káàkiri ni pé kí ọkùnrin na apá rẹ̀ méjèèjì, kí a sì mú ìwọ̀n náà lọ́nà mẹ́ta, òun ni gígùn ọkọ̀ rẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ pẹ̀lú ìkúùkù rẹ̀ méjì, òun ni ìbú rẹ̀. Nítorí náà, káyàkì ẹni kì í bá ẹlòmíràn mu, gẹ́gẹ́ bí bàtà tí a fi ẹsẹ̀ ẹnìkan wọ̀n kì í ti í bá ẹlòmíràn mu. Ọkùnrin kì í kàn jókòó sínú káyàkì. Wíwọ̀ ni ó ń wọ̀ ọ́, bí ẹni wọ ẹ̀wù.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wù pàápàá wà. Ẹ̀wù awọ kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní tuilik, tí ó ní ìbòrí, tí a ń so etí rẹ̀ mọ́ ẹnu ihò ọkọ̀, tí a sì ń so ọrùn ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ pinpin, tí ó fi jẹ́ pé ọkùnrin àti ọkọ̀ di ọ̀kan, omi kò sì ríbi gbà wọlé. Bí ìgbì bá dojú rẹ̀ dé, kò ní jáde. Àjẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi gbá omi lábẹ́ ibẹ̀, tí yóò sì yí padà sókè gbìrì. Àwọn ọ̀gá wọn lè ṣe é láìlo àjẹ̀, ọwọ́ lásán ni. Ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹran ní ọgbọ́n tirẹ̀: orí rẹ̀ a máa yọ kúrò lára igi nígbà tí ó bá wọ ara ẹran, okùn gígùn ni ó sì so ó mọ́ àpò awọ tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ibi yòówù tí ẹran náà bá sá gbà, àpò náà yóò máa léfòó tẹ̀ lé e, kì yóò sì jẹ́ kí ó rì sọnù. Àwọn àgbà wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo dúró níwájú ọkọ̀ náà, mo sì jẹ́wọ́ ní ọkàn mi pé òótọ́ ni.

Ibi tí mo ti ń yìn wọ́n lọ́wọ́ báyìí ni àbúrò mi ti fà mí ní apá ẹ̀wù. Ó ti ń ka ìwé kékeré tí a lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo èyí. Ènìyàn wà nínú ọkọ̀ yìí nígbà tí ó dé ibí."

"Ènìyàn ṣe bí?"

"Ó kú. Wọn kò kọ orúkọ rẹ̀."

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé ìkàwé láti wádìí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwa akọ̀wé. Ẹ̀rí méjì ni mo rí, wọn kò sì bá ara wọn mu. Ọ̀kan ni ti àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Francis Gastrell, tí ó ṣe ìrìn àjò dé Aberdeen ní ọdún 1760. Ó kọ ọ́ pé òun rí ọkọ̀ náà nínú ilé ìsìn kan, àti pé ní bí ọdún 32 ṣáájú, omi gbé e wọ inú odò Don pẹ̀lú ọkùnrin kan nínú rẹ̀, tí irun bo gbogbo ara rẹ̀, tí ó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò lè túmọ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọkùnrin náà lò láyé lẹ́yìn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ tó bí agbára wọn ti mọ. Ẹ̀rí kejì ni ti Francis Douglas, tí ó kọ ìwé ní ọdún 1782. Òun ní tirẹ̀ wí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún náà ni wọ́n mú ọkùnrin náà lójú òkun tòun ti ọkọ̀ rẹ̀, pé a mú un wá sí Aberdeen láàyè, ó sì kú láìpẹ́, láìlè sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wò ó bí ìtàn ti ń yí. Gastrell wí pé gígùn ọkọ̀ náà tó yáàdì méje, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 21, bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ pé 18. Irun tí ó ní ó bo ara ọkùnrin náà, ó dà bí ẹni pé ẹ̀wù awọ onírun tí ó wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ó ti dùn mí ni pé ẹnìkan wí pé omi ni ó gbé e wá, ẹnìkejì wí pé wọ́n mú un ni. Ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kò kéré. Èkíní ń sọ ti àlejò tí àjálù dé bá, èkejì ń sọ ti ènìyàn tí a jí gbé.

Kì í ṣe Aberdeen nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní erékùṣù Orkney, ní àríwá Scotland, àlùfáà James Wallace kọ ọ́ sínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1693 pé ní ọdún 1682 àwọn ará Eday rí ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ mú un, ó sá lọ fìrí. Ní ọdún 1684, wọ́n tún rí òmíràn ní Westray. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé wọ́n ń lé ẹja wọn lọ. Ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a gbé lọ sí gbọ̀ngàn àwọn oníṣègùn ní Edinburgh.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀ láti Greenland, tí ó ju ẹgbẹ̀rún máìlì lọ? Àwọn kan rò pé wọ́n wakọ̀ wá fúnra wọn. Ṣùgbọ́n awọ séálì kì í pẹ́ nínú omi kí ó tó rin gbingbin. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ náà a bẹ̀rẹ̀ sí rì bí a kò bá gbé e sí ilẹ̀ gbẹ. Nítorí náà ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbà pé àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń lọ pa àbùùbùtán ní òkun àríwá ni ó ń kó wọn, bóyá kí wọ́n lè fi wọ́n hàn fún owó, tí àwọn kan nínú wọn sì ń bọ́ sínú òkun nígbà tí ọkọ̀ bá ń súnmọ́ ilẹ̀. Kì í ṣe àròsọ pé a jí wọn gbé. Ní ọdún 1605, ọkọ̀ ọba Denmark kó àwọn ará Greenland lọ sí Copenhagen, àwọn kan nínú wọn sì gbìyànjú láti wa káyàkì wọn padà sílé. Ní ọdún 1654, a tún kó mẹ́rin, a ya àwòrán wọn ní Bergen, àwòrán náà sì wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Denmark. Ìwà yìí pọ̀ dé ibi pé ní ọdún 1720, ìjọba Holland ṣe òfin pé kí àwọn atukọ̀ wọn má ṣe jí àwọn ará Greenland gbé mọ́.

Ẹ̀yin ará mi, àwa tí a mọ ìtàn ìkónilẹ́rú kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún wa. Mo ń ro ọkùnrin náà ní ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ ìkẹyìn. Ó ń sọ̀rọ̀, bóyá orúkọ rẹ̀ ni ó ń sọ, bóyá orúkọ ìyàwó tí ó rán ọkọ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù. Níwọ̀n ìgbà tí ó sì jẹ́ pé ara ọlọ́kọ̀ ni a fi ń wọn káyàkì, ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ ń wo ìwọ̀n apá ọkùnrin náà àti ìbàdí rẹ̀ títí di òní. Gbogbo ara rẹ̀ ni a mọ̀, àfi orúkọ.

Yunifásítì Aberdeen kan náà yìí ní orí ọba Bìní tí a fi idẹ ṣe nínú àkójọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Bìní ní ọdún 1897. Ní ọdún 1957 ni Yunifásítì náà rà á ní gbàǹjo. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2021, wọ́n dá a padà fún Nàìjíríà, láìdúró de ilé-ẹjọ́. Mo yìn wọ́n fún èyí. Denmark pẹ̀lú dá ohun tí ó tó 35,000 padà sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Greenland láàárín ọdún 1982 sí 2001. Orí ọba náà mọ ọ̀nà ilé, nítorí a mọ ààfin tí a ti gbé e. Ṣùgbọ́n abúlé wo ni a ó fi ọkọ̀ Aberdeen ránṣẹ́ sí? Ilẹ̀kùn ta ni a ó kàn? Ẹni tí a bá gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, a ti gba ọ̀nà ilé lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ náà ti kú. Nígbà tí ọkọ̀ onímọ́tò gbòde, káyàkì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ ní púpọ̀ nínú Greenland, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ó kù, wọ́n sì ń ṣe ìdíje yíyí ọkọ̀ lábẹ́ omi. Ní Qaanaaq, ní ìhà àríwá pátápátá, àwọn ọdẹ ṣì ń wa káyàkì lọ pa irú àbùùbùtán kan tí eyín rẹ̀ gùn jáde bí ìwo.

Nígbà tí mo padà dé ilé, mo wo àjẹ̀ àtijọ́ kan tí ó wà lára ògiri yàrá bàbá mi. Bàbá bàbá mi ni ó fi wakọ̀ ẹrù lórí ọ̀sà. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń rí i, n kò sì béèrè rí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Mo tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lọ, mo ní, "Màmá, ta ni ó gbẹ́ àjẹ̀ yìí?" Ó wò mí pẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, o pẹ́ kí o tó béèrè. Díẹ̀ ni ó kù kí n gbé e lọ." Ó dárúkọ agbẹ́gi náà, àti bàbá rẹ̀, àti abúlé rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí pátákó kékeré, mo sì so ó mọ́ àjẹ̀ náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí. Ohun àtijọ́ tí ó bá wà nínú ilé yín, ìbáà ṣe òpó, ìbáà ṣe aṣọ òkè, ìbáà ṣe ìkòkò, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún di ìgbà mìíràn ná o.